Màámi ní Jikwoyi, Bàbá ní Òkè-Àparò

Ìṣẹ́gun, 4 Nofẹ́ḿbà

Wọ́n ti rí Màámi. Bánjọ ọkọ mi ló lọ gbé e ní Abaji, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù iṣu ti sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹrù tí kò ní olówó. Láti Sátidé tí àwọn agbébọn ti ya wọ Òkè-Àparò ni mo ti ń pe fóònù rẹ̀ àti ti Bàbá, tí obìnrin inú fóònù ń dá mi lóhùn pé nọ́ńbà náà kò lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Mo ti ṣépè fún obìnrin náà títí ó fi sú mi.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ló wọ ilé wa ní Jikwoyi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú, ó ń dán. Ẹ̀gún kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ mọ́kànlá, kò tilẹ̀ ṣe "yéè" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára ìró rẹ̀ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, aṣọ náà ti le bíi páálí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bọ́ ọ, Mà, kí n fọ̀ ọ́." Ó di ìró mú. Mo fà á, òun náà fà á. Ẹni àádọ́rin ọdún ni o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti gúnyán láti ìgbà ọmọge kì í ṣe ọwọ́ eré. Nígbà tí ojú mi máa là, èmi àti ìyá mi ló ń jìjàkadì ní pálọ̀, Démiládé ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò wá. Mo jọ̀wọ́ ìró náà.

Mo bi í pé Bàbá ńkọ́. Ó ní, "Mo fi í sílẹ̀."


Ọjọ́rú, 5

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní mínísírì ránṣẹ́ pé ìwé wo ni mo fi tọrọ àyè. Mo ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Màámi sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ògiri ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó ní ilẹ̀ kò tíì mọ́. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín, ó jókòó, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà oko rẹ̀ lábẹ́ àga. Ẹnìkan wá kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ kú ìdájí o, Bàbá. Ẹ kú ìdájí o, Màmá. Ṣé dáadáa la jí?" Yorùbá tó mọ́ gaara, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìpè òru ni wọ́n ní ká má jẹ́. Ta ló sọ fún wa rí pé ká má dáhùn ìkíni ìdájí? Nílé wa, bí wọ́n bá kí ọ tí o kò dáhùn, igi ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Màámi ní, "A dúpẹ́ o, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ó sì yọ ìdábùú ilẹ̀kùn.

Mẹ́fà ni wọ́n. Ẹni tó kí wọn ló kọ́kọ́ yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn yòókù lè ráyè wọlé. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá Bàbá lẹ́nu, eyín fọ́n sílẹ̀. Bàbá tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Bàbá tí orúnkún kò jẹ́ kó sáré láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn! Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga kó lè rí nǹkan dì mú dìde. Wọ́n rò pé àdá ló fẹ́ fà yọ. Wọ́n yìnbọn lù ú, ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà. Màámi gba ẹ̀yìn kíṣìnì jáde, ó gba inú oko kaṣú, kò dúró títí oòrùn fi wọ̀.

Mo ní, "Ó kú?"

Ó ní, "Wọ́n yìnbọn lù ú."

Mo wọ balùwẹ̀, mo fi táwẹ́ẹ̀lì dí ẹnu ara mi, mo ké. Nígbà tí mo jáde, Démiládé ti gbé tíì fún ìyá àgbà, ó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e.


Ẹtì, 7

Màámi ti di ẹrù. Búrẹ́dì méjì, omi ike kan, àti ọkọ́ tí mo fi ń ro ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Mo ní kí ló fẹ́ fi ọkọ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀. "Ọkọ mi ò gbọdọ̀ sùn níta. Inú yàrá rẹ̀ la ó sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tọ́ka ibẹ̀ fún mi."

Mo ní àwọn èèyàn burúkú náà ṣì wà nínú ìlú. Mo ní lánàá òde yìí ni wọ́n pa ọkùnrin méjì tó padà lọ wa iṣu. Ó ní, "Kí wọ́n pa mí. Ṣé o fẹ́ kí n wà láàyè kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n rẹ ni?"

Mo ti géètì pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú àyà. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ́ lu àgádágodo. Gbà! Gbà! Gbogbo ilé ń gbọ́. Mo rọ́ lù ú láti ẹ̀yìn, a jọ di ọkọ́ mú, ẹnu ọkọ́ sì la ọrùn ọwọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ sí ìyá mi rí láyé. Mo ní, "Ṣé orí yín ti dàrú ni?" Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí símẹ́ǹtì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé.

Ìdáyátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ilé iwájú, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Nyanya, ló wá di ọwọ́ mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìwà rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn.

Inú ń bí mi sí Bàbá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Lydia, mi ò lè máa gbé ilé tí n ó ti máa bèèrè ibi tí wọ́n gbé ṣúgà sí." Ó dáa. Ẹ ti mọ ibi tí ṣúgà yín wà, àbí?


Àìkú, 9

Láì sọ fún mi, Bánjọ lọ fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbọ́ tí Pásítọ̀ ń pè é lórí pẹpẹ: "Ìyá tí Ọlọ́run yọ lẹ́nu ikú, ẹ jó bọ̀, Mà!" Akọrin ti bẹ̀rẹ̀, ìlù ti ń dún, àwọn ìyá ìjọ ti ń ju áńkáṣíìfù sókè. Wọ́n fà wá dìde. Màámi ń tiro lọ síwájú, mo dì í lápá, mo ń fi ojú pa Bánjọ.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un kó jẹ́rìí. Màámi ní, "Ọlọ́run kọ́ ló yọ mí. Ẹsẹ̀ mi ló yọ mí. Ọkọ mi ò ní ẹsẹ̀ tó dáa, Ọlọ́run ò yọ ọ́."

Ìlù dákẹ́. Ẹnìkan ṣe "áà" lẹ́yìn wa. Màámi dá ẹ̀rọ wọn padà fún wọn tọwọ́tọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Pásítọ̀, ó sì yí padà.

Nínú ọkọ̀, Bánjọ ní kí n lọ bẹ Pásítọ̀. Mo sọ ibi tó lè ki ẹ̀bẹ̀ náà bọ̀ fún un. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọjọ́ Olúwa ni.


Ọjọ́bọ̀, 13

Bó ṣe bá jáde ni n ó ṣe kọ ọ́.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kànga wa ti bàjẹ́, Sànúsí ló ń ti omi wá fún wa, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí ọmọlanke, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Hausa ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ara rẹ̀ balẹ̀. Bánjọ ti lọ sí Idu, ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń fọ eyín. Mo gbọ́ tí ẹnìkan kan géètì, ó ní, "Ẹ kú ìdájí o, Màmá. Ṣé dáadáa la jí?"

Mo gbọ́ ohùn Màámi tó dáhùn. Ó ní, "A dúpẹ́ o." Mo gbọ́ tí géètì ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pàà, ohùn tí mi ò gbọ́ rí, mo sì mọ̀ pé egungun ni.

Ọmọ odó ni Màámi fi lu Sànúsí. Àkọ́kọ́ bà á níwájú orí. Ó gbé apá sókè, èkejì fọ́ apá náà. Ẹ̀kẹta bà á léjìká, nítorí ó ti ń ṣubú. Màámi wá ń pariwo pé, "Òun ni! Òun ló kí wa! Apànìyàn ni! Ajínigbé ni!"

Ẹ kì í pariwo bẹ́ẹ̀ ní Jikwoyi. Gbogbo èèyàn ló ti ní ẹni tí wọ́n jí gbé, tàbí tó mọ ẹni tí wọ́n jí gbé. Kí n tó tu ọṣẹ ẹnu mi sílẹ̀, ọkùnrin tó ogún ti wà lẹ́nu géètì wa. "Kídínápà! Kídínápà ni!" Ẹnìkan gbé búlọ́ọ̀kù. Ẹnìkan fi bàtà tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ń fi pákó nà án lẹ́yìn bí ẹni ń na ẹran tó jẹ oko. Ó ń sọ Hausa, ó ń pe omi ní èdè wọn, "ruwa, ruwa", omi tó dà nù sì ń pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Táyà ti dé. Òórùn bẹtiróò gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Èmi náà ò mọ bí mo ṣe dé orí rẹ̀. Aṣọ àwọ̀sùn ló wà lọ́rùn mi, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lẹ́nu mi, mo dọ̀bálẹ̀ lé e lórí. Mo ń ké pé, "Omi ló ń tà! Omi ló ń tà!" Wọ́n fi pákó gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan fa irun mi, ó ní èmi ni mo ń gbà wọ́n sílé, kí wọ́n sun wá pọ̀. Mo rí ìṣáná ní ọwọ́ Jàbárù mẹkáníìkì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí n ó ṣe kú rèé, láìfọ ẹnu tán.

Ìdáyátù ló gbà wá. Ó jáde pẹ̀lú híjáàbù lápá kan, ó ń kígbe, "Kai! Kai! Mai ruwa ne! Olómi wa ni!" Ó gba àárín wọn kọjá, ó gbá Jàbárù létí, ó gbá a tó dún. Ó ní, "Jàbárù! Omi ta lo fi wẹ̀ lánàá?"

Jàbárù wo ojú Sànúsí, ohun tó kù níbẹ̀. Ó wo ìṣáná ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ah. Mai ruwa." Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ sun èèyàn ti lọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà.

Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi rán iwájú orí Sànúsí ní ọsibítù. Mo rí egungun funfun nísàlẹ̀ kí wọ́n tó rán an. Apá òsì ti kán. Eyín méjì ti lọ. Èmi náà, ẹ̀yìn mi ò ṣe é fi kan àga.

Nígbà tí mo padà dé, Màámi jókòó sórí odó, ọmọ odó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Òun kọ́ ni?"

Mo ní, "Òun kọ́, Mà."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó kí wa."


Ẹtì, 14

Mo lọ wo Sànúsí nínú yàrá onípákó tí òun àti àwọn mẹ́rin ń gbé. Mo ra ọsàn, mo ra mílíìkì, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó máa bínú, ìyá mi ti rí nǹkan. Mo sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Òkè-Àparò fún un.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ní abúlé tiwọn ní Zamfara, bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n òun méjì ni wọ́n pa lọ́jọ́ kan. Ìdí tí òun fi ń ti omi ní Jikwoyi nìyẹn, àbí mo rò pé ó wu òun ni? Ó wá bi mí pé, "Màdáámù, ká ní èmi ni mo fọ́ orí ìyá rẹ, ṣé ǹ bá ṣì wà láàyè?"

Mo ti ọsàn náà sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ìwọ ló kọ́ mi."

Òótọ́ ni. Èmi ni. Ní oṣù kẹta, tó kọ́kọ́ ń wá, ṣe ló máa ń lu géètì bíi ọlọ́pàá: "Ruwa! Ruwa!" Mo bú u. Mo ní àwa Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ kí èèyàn ná, bó o bá kí wa dáadáa a ó ra omi rẹ tán. Mo wá dúró sẹ́nu géètì, mo kọ́ ọ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí Bàbá ṣe máa ń kí èèyàn gẹ́lẹ́, bí gbogbo Òkè-Àparò ṣe ń kí ara wọn: ẹ kú ìdájí o, ṣé dáadáa la jí. Ó ń ṣi í pè, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń tún un ṣe títí ó fi mọ́ gaara.

Ó ní òun ò ní lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òun ni wọ́n á tì mọ́lé. Ó ní òun ò sì ní ti omi wá sí ojúlé wa mọ́ láéláé. Kò gba ọsàn náà.


Àìkú, 16

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi ò jẹun láti Ọjọ́bọ̀.

Mò ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó la ẹnu. Ó ní, "Kò tíì kú."

Mo rò pé Sànúsí ló ní lọ́kàn. Mo ní, "Kò kú, Mà. Apá rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú."

Ó ní, "Bàbá rẹ ni mò ń sọ. Kò tíì kú nígbà tí mo sá."

Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Itan ni ìbọn ti bà á. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ń tú àpótí. Ó gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá Lydia, fà mí dìde.' Kò pariwo. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn, bí orúnkún bá ti dè é mọ́ àga. Mo na ọwọ́ sí i. Mo ti ń fà á, àwa méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà kíṣìnì. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń padà bọ̀. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, òun ò jọ̀wọ́ mi. Mo já ọwọ́ mi gbà, Àwẹ̀ró. Ó dì mí mú, mo fi ẹsẹ̀ tì í láyà, mo já ọwọ́ mi gbà. Mo sá."

Àwẹ̀ró ni oríkì mi. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

N ó kọ ọ́ síbí, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ na ìyá mi. Ọwọ́ ń yún mi. Mo rí ẹsẹ̀ náà tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ ẹ̀gún nínú rẹ̀, mo sì rò ó pé ẹsẹ̀ tó fi ti bàbá mi láyà nìyẹn. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù títí ó fi là. Mo kórìíra rẹ̀. Èmi Lydia tí mò ń hanrun lábẹ́ fáànù ní ìdájí ọjọ́ náà gan-an, èmi ni ẹnu mi wá gbà á láti dá ẹnìkan lẹ́jọ́.


Ọjọ́rú, 19

Ọjọ́ kẹfà tí kò jẹun. Mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń mu omi díẹ̀, ó ń pọ̀ ọ́.

Ọyẹ́ ti dé. Gbogbo nǹkan ń gbẹ.


Ọjọ́bọ̀, 20

Nọ́ọ̀sì wá so omi mọ́ ọn lápá. Ó fà á yọ. Wọ́n tún so ó, ó tún fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Nọ́ọ̀sì ní bí ìyá yìí bá wà báyìí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má pe òun mọ́, kí n pe àwọn tó ń sin òkú.

Ọ̀sán ni Ayọ̀túndé, àbúrò mi tó ń gbé Ìlọrin, pè. Àwọn sójà tó wà ní Òkè-Àparò báyìí ti gbà pé kí ọ̀dọ́ ìlú wọlé lọ gbé òkú ní Sátidé. Òun náà yóò bá wọn wọlé pẹ̀lú àwọn ọdẹ. Màámi na ọwọ́ gba fóònù. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ.

Ó ní, "Ayọ̀túndé, kó o tó gbé e, kọ́kọ́ wo ibi tó wà. Ṣé o gbọ́? Bó bá jẹ́ ibi tí mo fi í sí ló wà, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, a jẹ́ pé wọ́n pa á bí mo ṣe ń jáde. A jẹ́ pé bí mo bá dúró, àwa méjèèjì ni ì bá kú. Bí kò bá sí níbẹ̀..."

Ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní òun ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí òun yóò fi mọ̀.

Mo jókòó tì í fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Àìkú. Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó lè kú sí mi lọ́wọ́ nínú ilé yìí. Mo kórìíra rẹ̀ síbẹ̀, n ò sì fẹ́ kó kú, àwọn méjèèjì jọ wà nínú mi, wọ́n ń jà.


Àbámẹ́ta, 22

Ayọ̀túndé pè mí ní agogo méjì. Mo gba ìpè náà nínú ọkọ̀ Bánjọ, mo ti gbogbo gíláàsì.

Ó ń sunkún, mi ò lè gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn kíṣìnì ni wọ́n ti bá a, ó ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, nínú oko kaṣú. Ó fi ìgbòǹwọ́ wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀, ibi tó gbà ṣì hàn nínú ewé. Ó ti fa gèlè Màámi kan kúrò lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó fi di itan rẹ̀, ó so ó dáadáa. Ayọ̀túndé ní bẹ́líìtì rẹ̀ àti gèlè náà ni òun fi dá a mọ̀, kí n má bi òun ní nǹkan mìíràn. Wọ́n ti sin ín sínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé.

Mo ní, "Ó tó wákàtí mélòó tó fi wà láàyè?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bi mí."

A jọ fẹnu kò pé a ó purọ́. Mo wọlé, mo sọ fún Màámi pé nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, ó di ọ̀la. Ó yí ojú sí ògiri.


Àìkú, 23

Àwọn ará ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo po ẹ̀kọ mímu, mo gbé e wá, mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Mo ti dán irọ́ náà wò níwájú díńgí.

Mo ní, "Wọ́n ti rí Bàbá, Mà. Wọ́n ti sin wọ́n sínú yàrá, lábẹ́ fèrèsé. Ibi tí ẹ fi wọ́n sí náà ni wọ́n wà. Ayọ̀túndé ní kò jọ pé ó pẹ́ rárá."

"Kò kúrò níbẹ̀?"

"Wọn ò kúrò níbẹ̀, Mà."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Ojú wọn ti padé, Mà. Bí ẹni tó ń sùn."

Màámi gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oòrùn, ajá wà, igún wà. Ojú wo ló kù tó padé, Lydia?"

Mo na ẹ̀kọ sí i, ó tì í padà.

"Ibo ni wọ́n ti rí ọkọ mi?"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìgbòǹwọ́, ewé, gèlè. Kò sunkún. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé sí létí.

"Ibo ló kọjú sí?"

"Ọ̀nà oko, Mà. Ọ̀nà tí ẹ gbà."

Ó ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Ó wá dìde. Mi ò mọ ibi tó ti rí agbára. Ẹni ọjọ́ mẹ́wàá láìjẹun! Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí láyà, ó lù mí lórí, ó lù mí lẹ́nu, ètè mi bẹ́. Ẹ̀kọ dà sórí ibùsùn, ó gbóná, ó jó wa lẹ́sẹ̀, kò dúró. Ó ń lù mí, ó ń sọ pé, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi! Mi ò wẹ̀yìn! Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò wẹ̀yìn!" Ìdáyátù sáré wọlé, mo fi ọwọ́ dá a dúró. Mi ò di Màámi lọ́wọ́ mú. Mo jẹ́ kó lù mí títí ẹ̀ṣẹ́ náà fi di ìpátẹ́wọ́, títí ó fi di pé ó kàn gbé ọwọ́ lé mi láyà.

Ó wó lé mi lórí. Kò wúwo mọ́ rárá. A jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi ń kán sí i lórí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló dé tó o purọ́ fún mi?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Mà."

Ó ń mí gúlegúle.

Ó ní, "Èmi náà. Ẹ̀rù ló bà mí."